Àlejò Inú Àfonífojì: Ìtàn Tí Ó Bí Ìwé Z for Zachariah

Bí a bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìtàn àròsọ kan wà nínú èyí tí ayé ti parẹ́, tí ó ku ọmọdébìnrin kan ṣoṣo tí kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ohun tí yóò kọ́kọ́ wí ni pé àlọ́ ni, àti pé kò kan ẹ̀kọ́ ìtàn rárá. Àwọn olùkọ́ mìíràn náà ń wí bẹ́ẹ̀. Wọn a ní kí a fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà ìsinmi, kí a gbájú mọ́ èyí tí ó ní láárí. Èrò yìí kò tọ̀nà, ìwé kan ṣoṣo ni a ó sì fi ṣe ẹ̀rí, èyí nì ni Z for Zachariah tí Robert C. O'Brien kọ. Ìtàn ọdún 1945 sí 1973 ni a rí nínú rẹ̀, tí a wọ aṣọ ìtàn àròsọ fún. A sì rí i pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀rù àdó olóró nìkan ni ó wà nínú ìwé náà ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọdún 1974 ni wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní Amẹ́ríkà. Orúkọ ìkọ̀wé lásán ni O'Brien tí ó wà lára rẹ̀. Robert Leslie Conly ni orúkọ òǹkọ̀wé náà gan-an. Brooklyn ní New York ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1918. Iṣẹ́ oníròyìn ni ó fi ń jẹun: ó bá Newsweek ṣiṣẹ́, ó sì dara pọ̀ mọ́ National Geographic ní ọdún 1951. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún kí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ fún àwọn èwe tó jáde ní ọdún 1968. Èyí tí ó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀ ni ìwé rẹ̀ ti ọdún 1971 lórí àwọn eku tí wọ́n sọ di ọlọ́gbọ́n nínú ilé ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n sì sá kúrò níbẹ̀. Ìwé yẹn ni ó gba ẹ̀bùn Newbery ní ọdún 1972. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ ilé ìwádìí yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bọ̀ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1973 ni Conly kú, kò sì tí ì parí Z for Zachariah. Sally aya rẹ̀ àti Jane ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n wo àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ tí wọ́n fi kọ èyí tí ó kù.

Ọkùnrin tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nígbà tí wọ́n ju àdó olóró átọ́míìkì sí Hiroshima ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945, àti sí Nagasaki lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kò nílò kí ó fi ọkàn rẹ̀ dá ìparun sílẹ̀. Ó ti rí i kà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1946, ìwé ìròyìn The New Yorker fi odidi ẹ̀dà kan gbé ìròyìn John Hersey jáde lórí àwọn ènìyàn mẹ́fà tí wọ́n yè ní Hiroshima. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ mọ̀ pé iná àti ìbúgbàù nìkan kọ́ ni ó pa ènìyàn. Ìtànṣán olóró wà níbẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ẹlòmíràn bì, ara rẹ̀ sì tún balẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ rò pé ó ti sàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ibà ńlá gbé e dè, irun rẹ̀ re, ó sì kú. Ẹni tí ó bá ka ojú ewé tí Ann Burden ti ń tọ́jú aláìsàn rẹ̀ nínú ìwé O'Brien yóò rí àìsàn yìí kan náà: èébì, ìsinmi tí ó ń tan ni jẹ, lẹ́yìn náà ibà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1954 ni ó sún mọ́ ìwé náà jù lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún náà, Amẹ́ríkà dán àdó olóró kan wò ní erékùṣù Bikini ní agbami Pàsífíìkì. Agbára rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 1,000 ju ti Hiroshima lọ, ó sì ju ohun tí àwọn tí ó ṣe é fojú sùn lọ fíìfíì. Ọkọ̀ apẹja kan láti Jàpáànù wà ní ibi tí ó jìnnà tó kìlómítà 130 sí ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin 23 tí ó wà nínú rẹ̀ rí i tí eérú funfun ń rọ̀ sára wọn bí ìyẹ̀fun. Wọn kò mọ ohun tí í ṣe. Aikichi Kuboyama, ẹni tí ó ń mójú tó rédíò ọkọ̀ náà, kú ní oṣù kẹsàn-án. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn pé kò pọn dandan kí a dojú àdó olóró kọ ènìyàn kí ó tó pa á. Afẹ́fẹ́ lè gbé e wá, òjò lè rọ̀ ọ́, odò sì lè ṣàn án dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Àwa pàápàá kò ṣàìmọ ẹ̀rù yìí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, Faransé yin àdó olóró átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní ilẹ̀ Àlùjíríà, kí ọdún sì tó parí wọ́n ti yin méjì mìíràn sí i. Láti inú aṣálẹ̀ yìí ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku wá bá wa lọ́dọọdún. Ta ni yóò wá sọ fún àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn pé Reggane jìnnà sí oko rẹ̀? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, tí Abubakar Tafawa Balewa jẹ́ olórí rẹ̀, gé àjọṣe ìlú sí ìlú pẹ̀lú Faransé nítorí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ní kí aṣojú Faransé kó ẹrù rẹ̀ máa lọ. Òmìnira wa kò tí ì pé oṣù mẹ́rin nígbà náà. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìwé yìí kì í ṣe àlọ́ àwọn aláwọ̀ funfun, ibí yìí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ìwé náà wàyí. Àfonífojì kan wà ní Amẹ́ríkà tí òkè yí ká, tí ó sì ní ojú ọjọ́ tirẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ìta kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀. Ogun ti jà, ogun ti tán. Àwọn òbí Ann, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ìbátan rẹ̀ David, àti tọkọtaya tí ó ni ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa ọkọ̀ jáde láti lọ wo bí ìta ti rí. Wọn kò padà mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà kò jókòó kí ó máa sunkún. Ó ní màlúù, ó ní adìyẹ, ó ń ro oko, ó sì ń kọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sínú ìwé lójoojúmọ́. Àkọsílẹ̀ yìí ni ìwé tí à ń kà. Àwa tí Fágúnwà tọ́ dàgbà mọ ìyàtọ̀ rẹ̀: Àkàrà-ògùn sọ ìrìn àjò tirẹ̀ fún akọ̀wé, ó ti dé ilé kí ó tó rò ó. Ann kò ní akọ̀wé, kò sì mọ̀ bóyá òun yóò rí ọjọ́ kejì kọ.

Omi méjì ni ó wà nínú àfonífojì náà. Ọ̀kan sun láti inú rẹ̀, ó mọ́, ẹja wà nínú rẹ̀. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní Burden Creek, ń ṣàn wá láti ìta; ohun ẹlẹ́mìí kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ọkùnrin kan dé tí ó wọ ẹ̀wù ààbò aláwọ̀ ewé, tí ó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ann sá pamọ́ sínú ihò àpáta, ó ń wò ó. Àwa a máa wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Inú ọkùnrin náà dùn nígbà tí ó rí i pé ibẹ̀ ní ewéko tútù; ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó bọ́ sínú Burden Creek, ó wẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń wá ìtànṣán olóró wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi yẹ omi náà wò. Ann rí i, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí ó ké sí i. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí dùn ún títí.

Orúkọ àlejò náà ni John Loomis, onímọ̀ kẹ́mísírì láti Yunifásítì Cornell. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, Ann jáde sí i, ó gbé e wọlé, ó ń bọ́ ọ, ó ń gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí a má ṣe rẹ́ Loomis jẹ: ìmọ̀ rẹ̀ wúlò. Òun ni ó fi han Ann bí a ti í fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ epo tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí kò sí iná mànàmáná, èyí tí ó mú kí katakata bàbá rẹ̀ tún lè ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ìrètí ti wọ ilé. Ann tilẹ̀ ti ń ro ó lọ́kàn pé wọ́n lè di tọkọtaya lọ́jọ́ iwájú.

Nínú ìràn-án-rán ibà ni àṣírí ti tú. Ìjọba fi owó sí iṣẹ́ kan tí Loomis àti ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe nínú ilé ìwádìí tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, láti wá ohun tí ìtànṣán olóró kò lè là kọjá, fún ìlò àwọn ọmọ ogun. Ẹ̀wù kan péré ni wọ́n tí ì ṣe parí nígbà tí ogun dé. Edward, ẹlẹgbẹ́ Loomis, fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ wá aya àti ọmọ rẹ̀. Loomis yìnbọn pa á. Ann wo ẹ̀wù náà, ó sì rí ojú ọta ìbọn mẹ́ta tí wọ́n ti lẹ̀.

Ojú ọta mẹ́ta yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìparun tí ó wà nínú ìwé náà lọ, èyí sì ni ibi tí a ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń kọ́ni pé ìtàn bọ́ǹbù ni. Bọ́ǹbù ti bú kí ojú ewé kìn-ín-ní tó ṣí. Kò sí ẹni tí ó rí i. Ohun tí a rí ni bí ẹni tí ó gbà pé ìmọ̀ òun sọ òun di olórí ṣe ń lò pẹ̀lú ọmọ tí ó gbà á sílé. Bí ara Loomis ti ń yá ni àṣẹ ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń bá Ann wí lórí ohun tí ó gbìn àti èyí tí kò gbìn. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àfonífojì náà bí ẹni pé òun ni ó ni ín, Ann sì jẹ́ ohun kan láàrin ohun èlò rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan ó wọ yàrá ọmọ náà láti fi ipá mú un. Ó sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ó mú kọ́kọ́rọ́ katakata pamọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa kí ebi lè lé ọmọ náà wálé, ó fi okùn de Faro ajá David kí ó lè máa fi í tọpa rẹ̀, ó sì yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí gbogbo rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, àgádágodo àti oúnjẹ. Onílé ni ó wá ń sùn nínú ihò àpáta, àlejò wà lórí ibùsùn.

Kí ló dé tí oníròyìn kan fi kọ irú èyí fún àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún wọ̀nyẹn? Ìtàn ilé ìwádìí ni ìdáhùn. Láti ọdún 1942 ni Amẹ́ríkà ti ń ṣe àdó olóró átọ́míìkì ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 100,000 ni ó ṣe é, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe títí ọjọ́ Hiroshima fi kò. Àwọn onímọ̀ kan kò fara mọ́ ọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, ìgbìmọ̀ kan ní Chicago, tí James Franck ṣe alága rẹ̀, kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi agbára ohun náà hàn ní ibi tí ènìyàn kò sí. Leo Szilard náà mú ìwé ẹ̀bẹ̀ káàkiri ní oṣù keje. Ìjọba kò gbà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń dun àwọn ènìyàn pé àwọn tí ó mọ̀ kò ní ohùn, àwọn tí ó ní ohùn kò ní àánú. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ jagun lórí ọ̀rọ̀ Kúbà, àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ̀mí wọn wà lórí tẹ́tẹ́ tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni ta. Ìwé O'Brien sọ gbogbo ìtàn yìí di ènìyàn méjì nínú ilé kan.

Àwọn mìíràn a máa wí pé ìtàn Ádámù àti Éfà ni, wọ́n sì ní ẹ̀rí díẹ̀. Nígbà tí Ann wà ní kékeré, ó ní ìwé álífábẹ́ẹ̀tì Bíbélì kan. A dúró fún Adam, Z sì dúró fún Zachariah; nítorí pé Adam ni ẹni àkọ́kọ́ láyé, ọmọ náà gbà pé Zachariah ni yóò jẹ́ ẹni ìkẹyìn. (Akọ yìí kò ṣe é gbé wọ èdè wa. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò ní Z, Y ni ó parí rẹ̀, S ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà nínú Bíbélì Mímọ́.) Ṣùgbọ́n àkọlé yìí gan-an ni ó tako wọn. Ẹni ìkẹyìn ni Loomis, kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Òǹkọ̀wé náà fi ọgbà lé wọn lọ́wọ́, ó fi èso sí i, ó sì kọ̀ láti so wọ́n pọ̀. Bí ìwé náà bá ní àléébù, ojú ọjọ́ àfonífojì yẹn ni: ó ṣòro láti gbà pé òjò kò ní gbé nǹkan wọlé láàrin ọdún kan. Ẹni tí ó bá sì rí i pé sùúrù Ann pọ̀ jù kò ṣàìrí nǹkan wí.

Lẹ́yìn ọdún 1979 ni irú ìwé báyìí pọ̀ sí i ní ilẹ̀ Yúróòpù, nígbà tí àwọn ìjọba fẹ́ kó àdó olóró tuntun ti Amẹ́ríkà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Ní ọdún 1980 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó kọ́ àwọn ará ìlú bí wọn yóò ti fi ilẹ̀kùn ṣe ibi ìsápamọ́ nínú ilé wọn. Ẹ̀rín ni ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀rín ìbànújẹ́. Gudrun Pausewang kọ Die letzten Kinder von Schewenborn ní Jámánì ní ọdún 1983, nínú èyí tí àwọn ọmọ ti bi àwọn òbí wọn léèrè ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí àyè ṣì wà. Ní ọdún 1984, Robert Swindells gbé Brother in the Land jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Danny àti àbúrò rẹ̀ Ben yè bọ́ nígbà tí bọ́ǹbù bú, wọ́n sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláṣẹ tí ó kó oúnjẹ jọ, tí ó sì ń pa àwọn aláìsàn dípò kí wọ́n tọ́jú wọn. Bí Loomis ṣe mú kọ́kọ́rọ́ ni àwọn wọ̀nyí mú un. Mo fẹ́ràn ìwé Swindells, ó le, kò sì purọ́ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń kó àwọn ọmọ ogun bo ojú ewé, ènìyàn méjì tó O'Brien.

Fíìmù tí wọ́n fi ìwé O'Brien ṣe ní ọdún 2015 sọ ọ̀rọ̀ náà di nǹkan mìíràn. Chiwetel Ejiofor, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni ó ṣe Loomis, ó sì ṣe é dáradára. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọkùnrin kejì kún un, ó wá di ọ̀rọ̀ owú láàrin ọkùnrin méjì nítorí obìnrin kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti kúrò níbẹ̀, àgbàlagbà ti gba ipò rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wo fíìmù náà má ṣe gbé ohun tí ó rí níbẹ̀ sínú ìwé ìdánwò.

Ìbéèrè kan a máa jáde lórí ìparí ìwé náà: ṣé Ann ṣẹ́gun? Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ pé kò ṣẹ́gun. Kí wọ́n rántí pẹ̀lú pé ọwọ́ aya àti ọmọ òǹkọ̀wé wà nínú ojú ewé ìkẹyìn. Ann jẹ́ kí Faro lúwẹ̀ẹ́ kọjá Burden Creek, ó mọ̀ pé yóò kú, ó sì kú. Ó jí ẹ̀wù ààbò gbé, ó dúró níwájú Loomis, ó sì sọ fún un pé òun mọ̀ nípa Edward. Ibẹ̀ ni agbára ti kúrò lára ọkùnrin náà. Ohun ìkẹyìn tí ó ṣe, èyí kan ṣoṣo tí ó ṣe láìbéèrè ohunkóhun, ni pé ó nawọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, ó ní òun rí ẹyẹ tí ń rà bàbà níbẹ̀ nígbà kan.

Kí ogun tó dé, iṣẹ́ olùkọ́ ni Ann ń lépa. Nínú àlá rẹ̀ ó rí iyàrá ìkàwé kan tí àwọn ọmọ jókòó sí, tí wọn kò ní ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Iyàrá yẹn ni ó ń wá lọ. Nígbà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi dópin, ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n pa Edward nítorí rẹ̀, ó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù Loomis lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kò sì tí ì rí ewé tútù kan.